Ìrìn Aya Mi Lábẹ́ Kámẹ́rà Oríta

Mo ti darúgbó. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kì í bọ́ lórí mi. Iṣẹ́ tí mo ṣe ló fà á. Ibùdókọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò láti Kútọnu lọ sí Pàràkú. Èmi ni mo ń lu agogo, èmi ni mo ń na àsíá pupa kí ọkọ̀ dúró, tí mo sì ń na èyí tó ní àwọ̀ ewé kí ó máa lọ. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ lójú mi lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ agboolé rẹ̀, mo mọ irú ẹrù tó máa ń gbé. Mo ṣì mọ̀ wọ́n dòní, àwọn tó wà láyé àti àwọn tí kò sí mọ́.

Mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí o. Aya mi ni kò fẹ́ irú ẹ̀. Ó máa ń sọ pé orúkọ ènìyàn kì í ṣe aṣọ tí a ń sá sórí okùn kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa fọwọ́ pa á. Ìwé tí mo kà náà kò pọ̀, sẹtifíkà ni mo gbà tí mo fi dúró, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka èyí má retí ìjìnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ aya mi ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ ojú tí àwọn ọlọ́pàá gbé kọ́ sí oríta wa.

Wàrà ni aya mi ń tà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló máa ń gbé e wá fún un láti ọ̀nà Bẹsé ní kùtùkùtù, funfun báláú, omi rẹ̀ ṣì ń kán. Aya mi yóò gbé ìkòkò kaná, yóò da ewé ọkàbàbà sínú omi títí omi náà yóò fi pọ́n bí osùn, yóò wá kó wàrà sí i kí ó lè pupa, kí ó sì le, kí ó má baà bàjẹ́ mọ́ èrò lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé Kútọnu. Yóò dín díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Yóò wá to gbogbo rẹ̀ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, yóò gbé e karí, ó di ẹ̀bá títì níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa títí dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀, pupa yẹn ṣì wà lábẹ́ èékánná. Àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́ fẹ́ fi igi ha á kúrò. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tí ó bí àbígbẹ̀yìn wa, ó ṣubú lórí àpáta nígbà tó ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀. Bàbá kan tó ń to eegun bá wa tò ó, ó sì jinná, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ yẹn ti máa ń pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé èkejì. Kì í ṣe pé ó ń tiro. Ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ náà fẹ́ gbọ́ nǹkan parí kí ó tó máa bọ̀. Mo lè wà nínú yàrá kí n mọ̀ pé òun ló wọ àgbàlá: kò, ṣùù, kò, ṣùù. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń dìde jókòó, nítorí ó kórìíra kí ó bá mi lórí ìdùbúlẹ̀ lọ́sàn-án.

Kámẹ́rà dé ní bí oṣù mẹ́wàá kí aya mi tó kú. Wọ́n gbẹ́ ihò sí oríta níbi tí ọ̀nà ọjà ti já sí títì ńlá, wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé nǹkan dúdú kan kọ́ orí rẹ̀, ó rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọlọ́pàá kan wá bá wa ní àdúgbò, ó ṣàlàyé. Ó ní olè alùpùpù ti pọ̀ jù láàárín ìlú. Ó ní ojú yìí kò ní sùn, ohun tó bá rí yóò máa fi ránṣẹ́ sí ojú tẹlifíṣọ̀n kan ní kọmísáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, ẹnì kan yóò sì máa jókòó tì í.

A wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, àwa àgbààgbà mélòó kan, bí a ti máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ wo òpó náà títí.

Ó ní, “Ìjọba ti ra ojú fún wa. Ó ku kí wọ́n ra etí.”

Àlùfáà àdúgbò wa dáhùn pé, “Ọlọ́run ti ń wò wá látọjọ́ yìí, kò sì gba owó iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Tí iná bá wá lọ ńkọ́?”

“Tí iná bá lọ, olè ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.”

Ẹ̀rín pa wá. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri oríta yẹn ló ti máa ń tọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn dé ìdí ilé kan kí ó tó rí ibi tú ṣòkòtò, kò sì sí ẹni tí kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí à ń pè ní sémì, wọ́n máa ń pariwo sí mi bí mo bá ń kọjá: “Bàbá, ẹ tún fìlà ṣe o, wọ́n ń ya yín!” Èmi náà máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n yà mí dáadáa, pé mo ti lẹ́wà kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ri òpó yẹn, aya mi bi mí léèrè.

“Bàbá wa, ta ló wà nídìí nǹkan yẹn?”

Mo ní, “Ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ̀rọ kì í wo ènìyàn. Ẹnì kan ló ń wò.”

“Ọlọ́pàá kan ni, Ìyá wọn. Ó jókòó sí kọmísáríà.”

“Ṣé ó ń rí mi tí mo bá gbé àwo kọjá?”

“Ó ń rí ẹ.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú rẹ̀.

Bó ṣe lọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan bó ṣe máa ń jáde. Ó dé lọ́sàn-án, ó ní orí ń fọ́ òun, ó dùbúlẹ̀, òun tí kì í dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kejì a gbé e lọ sí ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹta ó ti lọ. Àwọn ènìyàn dé, wọ́n kí mi, wọ́n bá mi jókòó, wọ́n bá mi jẹun kí n lè jẹun. Àwọn ọmọ dé láti Kútọnu àti láti Nàìjíríà. A sin ín. Àwọn ọmọ dúró tì mí títí iṣẹ́ fi pè wọ́n padà.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ilé dá, mo jókòó sórí ibùsùn, mo fẹ́ fi ọkàn mi gbọ́ ìrìn rẹ̀. Mo gbọ́ kò, mo gbọ́ ṣùù. Mo wá fẹ́ rí i. Mo pa ojú dé, mo rí àwo, mo rí gèlè, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mi ò mọ ẹsẹ̀ wo ni. Mo ní ọ̀tún ni, ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní òsì ni, ó tún jọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo mọ orúkọ ìyá àgbà tó máa ń gbé adìẹ méjì lọ sí Pàràkú ní ogójì ọdún sẹ́yìn, mi ò mọ ẹsẹ̀ tí aya mi ń fà.

Mo pe ọmọbìnrin wa ní Kútọnu.

Ó ní, “Ọ̀tún ni, Bàbá. Kí ló dé?”

Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ní, “Òsì ni.” Ó tún ní, “Àbí ọ̀tún? Bàbá, ṣé ara yín le?”

Mo lọ bá àbúrò aya mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó ti sán. Ó ní ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀gbọ́n òun ló pé, ta ló sọ pé ó ń fa ẹsẹ̀. Ẹni tó to eegun náà ti kú. Mo tú gbogbo fọ́tò tó wà nílé. Èyí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ kò kọjá àyà. Nínú èyí tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó ọmọ wa, ó jókòó. Fídíò kò sí rárá, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá ti na fóònù sí i, yóò fi ọwọ́ pupa méjì yẹn bojú, yóò sì kọ̀ láti rìn títí onítọ̀hún fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bí orúkọ kan bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo lè máa wá a títí kí n rí i, nítorí ẹlòmíràn ṣì ń jẹ́ ẹ. Ta ló tún ń rin irú ìrìn yẹn? Ẹ̀rù bà mí pé bí ẹsẹ̀ bá ti lọ báyìí, ọwọ́ ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn.

Ọ̀kan nínú àwọn sémì tó máa ń gbé mi ló sọ ọ́. Ó gbé mi lọ sí ibojì, nígbà tí a ń bọ̀ mo sọ ohun tó ń dùn mí fún un.

Ó ní, “Bàbá, ojú oríta rí i. Ìyá kì í ṣaláì gba ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí alùpùpù mi, wọ́n fi olè náà hàn mí kedere, títí dé bàtà.”

“Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Oṣù kan ló fi ń tọ́jú ohun tó bá rí. Tí oṣù kan bá ti pé, ó ń nù ún kí ó lè rí àyè fún tuntun.”

Mo fi ìka kà á. Ọjọ́ tí aya mi gbé àwo jáde gbẹ̀yìn di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí ó yí alùpùpù padà, kí ó gbé mi lọ sí kọmísáríà.

Ọlọ́pàá kan jókòó lẹ́yìn tábìlì, ó ṣí ìwé ńlá kan síwájú.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí ni wọ́n jí?”

“Wọn ò jí nǹkan kan.”

“Ta ló lù yín?”

“Kí ni wọ́n máa rí lára mi tí wọ́n máa fi lù mí?”

“Ta wá lẹ fẹ́ fi sùn?”

“Mi ò fi ẹnikẹ́ni sùn.”

Ó fi bíírò sílẹ̀. “Bàbá, ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé yìí. Ẹni tó fẹjọ́ sùn, ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ò ní ọ̀kankan nínú wọn.”

“Mo ní ìkẹta.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Aya mi kọjá lábẹ́ ojú yín. Ní ọjọ́ kẹta ó kú. Mo fẹ́ wo bó ṣe kọjá.”

Ó dìde fún mi, ó fà mí ní àga. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá.” Ó wá ní òun kò lágbára lórí ẹ̀rọ yẹn, pé kọmísẹ́ẹ̀, ọ̀gá wọn, nìkan ló lè pàṣẹ kí wọ́n ṣí ohun tó ti kọjá, pé kọmísẹ́ẹ̀ kò sì sí nílé, kí n padà wá lọ́la pẹ̀lú lẹ́tà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ lẹ́tà. Faransé tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ti di ìpata, mo ha á títí mo fi rí díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí ó yẹ kí n kọ ìdí tí mo fi ń tọrọ, mo kọ pé: *nítorí ẹsẹ̀*. Mo wò ó, mo rí i pé kò dára, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó jù ú.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ agbádá tí mo wọ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Kọmísẹ́ẹ̀ gbà mí wọlé fúnra rẹ̀. Ọmọ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá Kútọnu, ni, kò gbọ́ èdè wa, ó sì pe ọlọ́pàábìnrin kan wá láti máa túmọ̀ ibi tí Faransé mi bá ti dá. Ọmọbìnrin náà kò ju ọmọ mi obìnrin lọ. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ sẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé Pàràkú ni wọ́n ti bí òun, pé ní ọjà ibẹ̀ ni òun ti kọ́ Yorùbá.

Kọmísẹ́ẹ̀ ka lẹ́tà mi tán, ó ká a, ó sì tún un ṣí. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin náà ń túmọ̀.

“Ó ní ó dun òun, Bàbá. Ó ní ṣùgbọ́n tí òun bá ṣí i fún yín lónìí, lọ́la ọkọ kan yóò wá, yóò ní òun fẹ́ wo ẹni tí ìyàwó òun ń bá rìn.”

Mo ní, “Aya mi ti kú. Ta ni mo fẹ́ ṣọ́?”

Ó túmọ̀ rẹ̀. Kọmísẹ́ẹ̀ mi orí, ó sì fi ìka méjì ṣe bí ènìyàn tó ń rìn lórí tábìlì, ó fi àwọn ìka yòókù kún un.

“Ó ní kì í ṣe ìyá nìkan ló wà nínú àwòrán yẹn. Gbogbo ẹni tó gba oríta láàárọ̀ ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá sọ pé kí wọ́n fi òun hàn yín.”

Òtítọ́ ni. Ẹlòmíràn lè wo àwòrán yẹn kí ó rí èrò lásán. Èmi, orúkọ ni mo máa rí. Mo máa mọ ìyàwó ilé ta ló dúró pẹ́ lọ́dọ̀ ta, mo máa mọ gbèsè tí ẹni báyìí ń sá fún tó fi gba ẹ̀yìn ògiri, mo máa mọ ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé. Nígbà tí mo ń lu agogo, àwọn tí mo ń rí náà ń rí ojú mi tí mo fi ń wò wọ́n. Wọ́n lè bú mi, wọ́n lè yà fún mi. Kò sí ẹni tó máa yà fún igbá dúdú tó wà lókè. Mo ronú kan aya mi àti ọwọ́ tó fi ń bojú. Ojú tì mí díẹ̀.

Mo ní kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá, pé ẹsẹ̀ kan wà tí aya mi máa ń fà tó bá ru àwo wàrà, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ mọ́, àwọn ọmọ mi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo di ọ̀pá mi mú láti dìde.

Ọmọbìnrin náà kò túmọ̀. Ó wò mí.

“Ìyá oníwàrà?” ló wí. “Èyí tó máa ń kí wa?”

Mo ní, “Ó máa ń kí ta ni?”

Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó sọ Faransé kan tó yára, ọ̀gá náà sì fi ọwọ́ sọ pé kí ó máa wí. Ó wá jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ọmọ ẹni ṣe ń jókòó.

Ó ní òun ni òun máa ń jókòó ti ojú tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀. Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ kejì tí kámẹ́rà ti dé ni ìyá kan tó ru àwo ti máa ń dúró nísàlẹ̀ òpó, yóò gbé ojú sókè, yóò fi ọwọ́ kan di àwo mú, yóò sì fi orúnkún tẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò máa mì, kí ó tó kọjá lọ. Ní àkọ́kọ́, wọ́n fura sí i.

“A kọ ọ́ sínú ìwé, Bàbá. A kọ pé obìnrin kan ń ṣe àmì sí kámẹ́rà, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olè. A ní kí ẹnì kan wọ aṣọ ilé, kí ó tẹ̀ lé e.”

“Kí ló rí?”

“Ó ra wàrà. Ìyá fi méjì ṣe èènì fún un. Ó gbé e dé, gbogbo wa jẹ ẹ́, a sì fa ìlà sí ohun tí a kọ.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, omi bọ́ lójú mi, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Mo rí i bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, ènìyàn kì í kọjá níwájú ẹni tó jókòó kí ó má kí i, àbùkù ni àwa ka ìyẹn sí. Mo ti sọ fún un pé ẹnì kan jókòó, pé ẹni náà ń rí i. Kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe? Kò gbà pé òpó ló wà níbẹ̀. Àlejò ìlú kan ló wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Ọmọbìnrin náà ní, “Mo máa ń dá a lóhùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sú wọn. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín, Bàbá. Tí mo bá jí, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Nígbà tí mi ò rí i mọ́, mo rò pé ó rìnrìn àjò lọ bá ọmọ ni.”

Lẹ́yìn náà ló bi mí.

“Kí ló máa ń sọ? Kámẹ́rà yẹn kò gbọ́ ohùn. A máa ń jiyàn lórí rẹ̀. Ẹnì kan ní àdúrà ni, ẹnì kan ní ó ń ṣépè fún wa.”

Mo ní aya mi kì í ṣépè. Mo sọ fún un pé nígbà tí aya mi wà lọ́mọge, tí èmi sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti agogo níbùdókọ̀ látalẹ́ mọ́jú, ó ń ti oko bọ̀ láàárọ̀ kan, ó sì kí mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú àìsùn.” Mo ní mi ò lè búra, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ń mì sí ẹni tó jókòó ti nǹkan láìsùn, mi ò rò pé yóò sọ ohun mìíràn.

Ó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú àìsùn.” Ó nu ojú.

Mo ní, “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ wo ni?”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá, ṣùgbọ́n mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́ lásán, mo lè ṣì í. Ẹ jẹ́ kí n dìde.”

Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú yàrá náà. Ó mú páálí kan tí wọ́n ń kó ìwé sí, ó gbé e karí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú. Ó dúró, ó ronú, ó gbé e padà sí ọwọ́ òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọlọ́pàá, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìbàdí rẹ̀ gba nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń lọ.

Bàtà ọlọ́pàá ló wọ̀, bàtà líle, kò lè dún bí sálúbàtà aya mi. Ṣùgbọ́n mo rí i. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Ẹsẹ̀ òsì dúró, ó fetí sílẹ̀, ó wá ń bọ̀.

“Padà,” ni mo wí.

Ó padà. Òsì ni.

“Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọlọ́pàá onítábìlì ti dìde sí ìdúró, ẹnì kan tó wá fẹjọ́ ewúrẹ́ sùn ti dákẹ́. Kọmísẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, lẹ́tà mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé iwájú mi lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi orúnkún tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ páálí náà, ó sì gbé ojú sókè, bí ẹni tó ń wo orí òpó. Mo fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Mo ní ó tó, ọmọ mi, o ṣeun, wàá pẹ́.

Kọmísẹ́ẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó fẹ́ dá lẹ́tà náà padà fún mi, mo ní kí ó máa fi í síbẹ̀. Wọn kò ṣí àwòrán náà. Ọjọ́ ọgbọ̀n pé ní ọjọ́ kẹta sí i, mo sì wà lábẹ́ igi dóńgóyárò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà. Mi ò béèrè wákàtí tí ẹ̀rọ fi ń nu nǹkan.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí mo ti kọmísáríà dé, mo pe ọmọ mi ní Kútọnu.

Mo ní, “Òsì ni.”

“Kí ni òsì, Bàbá?”

“Ẹsẹ̀ ìyá yín.”

Mo gbọ́ bí ó ṣe fa àga tó fi jókòó. “Mo ní ọ̀tún ni,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí. “Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi pé ọ̀tún ni.”

“Tún un sọ fún wọn.”

“Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní àjèjì kan ni, ọmọ Pàràkú. Kò sọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n rìn.